Ibi Funfun Inú Máàpù Lameki

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí tẹnu mi. Ọkùnrin tó bá gbé ilé àna rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìbínú kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà ní sùúrù, àbí kó jẹ́ pé ìfẹ́ ti gbà á níyè. Ti Lameki jẹ́ méjèèjì. Ní abúlé Chipelera tiwa níbí, ọkùnrin ló ń tẹ̀lé ìyàwó relé. Àwọn obìnrin ló nilẹ̀, àwọn ló lọmọ, ọkọ kàn jẹ́ àlejò tó ń bá wọn roko ni. Ọjọ́ tó bá sì kú, àwọn èèyàn rẹ̀ á wá gbé òkú rẹ̀ lọ sí abúlé ìyá tó bí i, ìyàwó rẹ̀ á wà níbí, òun á wà lọ́hùn-ún. Ó pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Lameki ni kẹ̀kẹ́ tó ń tún ṣe lábẹ́ igi máńgòrò etí títì. Èyí tó wà lọ́kàn òun fúnra rẹ̀ ni ìtàn kan tó ń kọ sínú ìwé ọmọ iléèwé, ìtàn ilẹ̀ kan tí kò sí níbì kankan láyé, tó sọ ní Wandolo. Ní Wandolo, tí ẹ bá bú òkè, òkè á bínú ṣí kúrò nípò. Odò a máa padà sẹ́yìn lọ mú ohun tó gbàgbé. Obìnrin ẹlẹ́nu mẹ́jọ ló ń jọba níbẹ̀. Wọn kì í sì í lo aago: bí nsima tí wọ́n fi àgbàdo rò bá ṣe ń pẹ́ tó kó tó tutù nínú abọ́, ìyẹn ni nsima kan. Ogun tó gùn jù ní Wandolo, nsima ogójì ló gbà.

Felesita, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń kà á fún nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan ni obìnrin náà dá a dúró.

"Dúró ná, Bàbá Wandolo. Báwo ni odò yìí ṣe jìnnà sí ilé ẹlẹ́nu mẹ́jọ tó?"

"Ó jìnnà."

"Ó jìnnà bíi ti báwo? Irọ́ tí kò níwọ̀n, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Èmi tí mo fẹ́ ọ gan-an ò gbà á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọnú eegun. Nígbà tó di òwúrọ̀, ó tẹ̀lé Felesita láti kànga. Obìnrin náà gbé korobá búlúù rẹ̀ tó kún fọ́fọ́ rù, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá rẹ̀ ẹ́, á pààrọ̀ sí ọwọ́ òsì. Lameki ka ìgbésẹ̀ rẹ̀. Láti ìpààrọ̀ ọwọ́ kan sí òmíràn, mẹ́rìnlélógójì ni. Ó tún kà á lọ́jọ́ kejì, mẹ́rìnlélógójì. Ó kà á fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò fi ẹyọ kan yẹ̀. Ló bá sọ ìwọ̀n náà ní féélì, torí pé Feli ló máa ń pe ìyàwó rẹ̀ nílé. Láti kànga dé ẹnu ọ̀nà wọn, féélì méje.

Bó ṣe di pé ó ń tọ obìnrin lẹ́yìn káàkiri abúlé pẹ̀lú pẹ́ńsù nìyẹn. "Lameki, ṣé ìyàwó ẹ fẹ́ sá lọ ni?" làwọn èèyàn ń bi í. Ó gbìyànjú láti dá a rìn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù. Àfìgbà tóun náà bá gbé korobá tó kún rù ni ìgbésẹ̀ rẹ̀ tó wálẹ̀ bá ti Felesita, torí kò sẹ́ni tó gbé omi rù tó ń sáré. Ó ṣe é títí máàpù Wandolo fi pé. Odò Kaombe tiwa di Tundwe, oko ẹ̀pà di Pápá Àwọn Aláìlójìji. Ilé Zelifa, ẹ̀gbọ́n Felesita tó jẹ́ baálẹ̀ wa, ló wá sọ di Ilé Ẹlẹ́nu Mẹ́jọ. Zelifa ò mọ̀wé kà, Ọlọ́run ló bá Lameki ṣe é.

Ibì kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ ní funfun, igbó igi ńlá tí a ń sin òkú wa sí. Kí ló fẹ́ wọn níbẹ̀? Ẹni tí kò bá gbé òkú kì í wọbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀ lásán, tó tún wá ń ka ìgbésẹ̀, àjẹ́ lorúkọ rẹ̀ kó tó délé. Felesita fi ìka kan ibi funfun náà lọ́jọ́ tí ilé ìtẹ̀wé ìjọ kan ní Lilongwe, olú ìlú wa, tẹ ìwé náà jáde, tí máàpù wà lójú ewé àkọ́kọ́.

"Ibí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni ìwọ̀n ò dé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Felesita wí. "Fi í sílẹ̀."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àìsàn ẹ̀dọ̀ gbé Felesita lọ, inú ibi funfun yẹn la sì sin ín sí.

Tí aya bá kú, a máa ń fárí fún ọkọ, a ó sì ní kó máa lọ sílé, ó kú iṣẹ́. Lameki kò lọ. Ó kúnlẹ̀ fún Zelifa níwájú ilé, ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ti lé ní márùn-ún.

"Màmá, ẹ má lé mi. Mi ò bèèrè ilẹ̀, mi ò bèèrè ilé. Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ kàn sin mí tì í."

"Àna tí a sin sílé àna? O ti rí i níbì kankan rí, àbí ní Wandolo?"

"Ní Wandolo."

Zelifa rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Máa tún kẹ̀kẹ́ ẹ ṣe ná," ló wí. "A óò máa wò ó."

Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ síbẹ̀ títí ilé-iṣẹ́ tó ń gbin ìrèké lódìkejì odò fi ní òun fẹ́ fẹ oko òun dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba ránṣẹ́ pé kí abúlé kọ̀ọ̀kan mú máàpù ilẹ̀ tó ń lò wá; èyí tí kò bá sí nínú máàpù, ilẹ̀ òfìfo ni. Máàpù kẹ̀? Ní Chipelera? Ojú gbogbo wa ló mọ ààlà. Ibẹ̀ ni Zelifa ti rántí pé ìwé irọ́ àna òun ní àwòrán nínú.

"Ó pé?" ló bi Lameki.

Ojú Lameki tàn yòò. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, yàtọ̀ sí Felesita, kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan nílé yẹn rí, àyàfi pé ṣé ó ti roko. "Màmá, ó pé pérépéré."

"Bó bá gba ilẹ̀ wa là, mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ. Ẹ̀gbẹ́ Felesita ni wàá sùn."

Ó ya máàpù náà sórí ìwé fífẹ̀, Zelifa tẹ̀ka sí i. Inú Lameki dùn débi pé kò tilẹ̀ bojú wo ibi funfun yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má bi mí bóyá ìgbéraga ni. Ìgbéraga ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀gá ilẹ̀ dé láti ọ́fíìsì ìjọba, òun àti sọ̀fíyọ̀ tó ń wọnlẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ìrèké. A tẹ́ ẹní fún wọn lábẹ́ máńgòrò Lameki, a gbé thobwa tútù, ohun mímu àgbàdo wa, fún wọn mu. Ọ̀gá ilẹ̀ tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó ń kà á sókè.

"Ilé Ẹlẹ́nu Mẹ́jọ. Ilé ta nìyẹn?"

"Tèmi ni, ọ̀gá," ni Zelifa wí, ó gbéra sọ. "Èmi ni."

Àwa tí a ti ka ìwé náà ń wo ilẹ̀, a ń wúkọ́. Ẹ̀rín yẹn ni a rín kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Sọ̀fíyọ̀ ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ féélì. Ọ̀gá ilẹ̀ ní òun ti mọ̀ ọ́n.

"Mo fi téèpù wọn kànga dé ilé màmá. Mo wọn odò dé títì. Féélì kan ò gùn ju èkejì lọ. Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Ìyàwó mi ni," ni Lameki wí.

"Ẹ bá mi kí i. Ó kú iṣẹ́." Ọ̀gá náà ń bá tirẹ̀ lọ. "Mo gba máàpù yìí. Oko yín, odò yín, kànga yín, ẹ ti gbà á."

Obìnrin kan ti fẹ́ kígbe ayọ̀ nígbà tí sọ̀fíyọ̀ na ìka rẹ̀.

"Ibi funfun yìí ńkọ́, ọ̀gá? Àwọn fúnra wọn ló yà á, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Látòkè, igi nìkan ni a rí. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, katakata wa lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀."

Lameki fò dìde. "Rárá o! Ibẹ̀ là ń sin òkú wa sí! Ìyàwó mi wà níbẹ̀!"

"Kí ló dé tí kò sí nínú máàpù?"

"Ọ̀gá, a kì í wọn ibẹ̀. Ìwé ìtàn nìyẹn, ọ̀gá! Èmi ni mo fi orí ara mi hun ún. Kò sí Wandolo. Irọ́ ni!"

Ọ̀gá ilẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Tó bá jẹ́ irọ́, gbogbo ẹ̀ ni irọ́, ẹ ò sì ní máàpù kankan mọ́. Oko lọ, odò lọ. Tó bá jẹ́ òótọ́, ibi funfun yẹn náà òótọ́ ni. Èwo lẹ mú?"

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

"Ọ̀gá," ni Zelifa wí, "ẹ wọlé lọ fojú yín wò ó."

"Èmi? Kí n wọ itẹ́ òkú láìsí òkú? Màmá, mo lọ́mọ nílé o. Èmi náà láwọn àna." Ó ká ìwé rẹ̀. "Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, màá padà wá. Kí ọwọ́ tó ya àwọn ìyókù ya ibẹ̀ náà, féélì kan náà, ibojì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Màá fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò láti ìta. Tí kò bá pé, kò sóhun tí mo lè ṣe."

Wọ́n lọ. Ẹnì kan kàn wí láti ẹ̀yìn pé, "Ó kù kí ẹnì kan sáré kú kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí a lè ráyè wọlé. Ta ló fẹ́?" Ẹlòmíràn dáhùn pé kí àna bẹ̀rẹ̀, òun ló kọ ìwé.

Lameki lọ bá Zelifa níbi tó ti ń pa ẹ̀pà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ wọ̀n ọ́n."

"Mi ò gbọ́ ohun tó o wí."

"Ẹ gbọ́ ọ, màmá. Wọ́n máa gbin ìrèké lé Feli lórí. Ọwọ́ mi ló fi í sílẹ̀ ní funfun. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun, bí mo bá dijú, katakata ni mò ń gbọ́."

Zelifa pa ẹ̀pà mẹ́ta kó tó dáhùn. "Ẹni tó bá wọbẹ̀ láìgbé òkú, kí ló ń wá? Ẹran òkú ló ń wá. Mo mọ̀ pé o kì í ṣe àjẹ́. Felesita ò lè fẹ́ àjẹ́, orí ẹ̀ pé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mò ń gbé abúlé yìí. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ ní ibà lẹ́yìn ẹ, ọrùn ẹ ni wọ́n máa so ó mọ́. Wọ́n á dáná sun ọ́ mọ́lé, mi ò sì ní lè dá wọn dúró. Tó o bá wọbẹ̀, o ò lè gbé ibí mọ́, láàyè tàbí lókùú. Ṣé o gbọ́?"

"Láàyè tàbí lókùú?"

"O gbọ́ mi."

Lameki jókòó sílẹ̀. Gbogbo ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún láyé nìyẹn. Bí kò bá wọlé, kò ní sí ibojì Felesita tí wọ́n máa sin ín tì. Bó bá wọlé, ibojì á wà, òun ni kò ní débẹ̀. Ó sunkún níwájú ìyá náà láìfi ojú pamọ́. Zelifa ń pa ẹ̀pà rẹ̀ lọ, àmọ́ ó ti ń da èèpo mọ́ ẹ̀pà.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, níṣojú gbogbo obìnrin tó wà ní kànga, Lameki pọn omi kún korobá búlúù Felesita, ó ká ìró rẹ̀ àtijọ́ ní òṣùká, ó gbé e rù.

"Ẹ wá wo ìyàwó tuntun!" ni wọ́n ń kígbe. "Ìyàwó, má da omi sílẹ̀ o, ìyá ọkọ ń wò ẹ́!"

Ó dé oríta, ó yà sápá òsì, sí ọ̀nà igbó. Ẹ̀rín gé.

Ọkùnrin náà kò sá, kò yọ́ rìn. Ó ń kà á sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó wọ abẹ́ igi, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Gbogbo abúlé sáré wá dúró sétí igbó, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọjá gbòǹgbò àkọ́kọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń bá wa sìnkú, ó mọ̀ wọ́n tán. Ìdajì féélì, Sitima arúgbó. Féélì kan, Ànábánda àti ìbejì rẹ̀. Féélì kan ààbọ̀, ọmọ Esitele tí kò tíì lórúkọ; ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "ọmọ Esitele". Ní gbogbo ibojì, á sọ korobá kalẹ̀, á kọ ọ́, á tún gbé e rù. Nígbà tó pé féélì mẹ́ta ààbọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Feli," ló wí, "wọ́n ní o ò sí. Wọ́n ní èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ kan erùpẹ̀ náà. "Dárí jì mí. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún ọ."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì rẹ̀, ilẹ̀ kan ṣófo, ó tó ọkùnrin kan í dùbúlẹ̀ sí. Ó wọn ibẹ̀ náà, ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ó yà á sínú máàpù, kò kọ orúkọ sí i.

Ó ku apá ìlà oòrùn nígbà tí òkúta fò wọlé láti ìta. Kò ba orí rẹ̀, korobá ló bà. Omi dà sí i lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí omi ò bá sí, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti Felesita mọ́, téèpù ọ̀gá ilẹ̀ á sì tú u fó lọ́la. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó jáde. Ó gba àárín wa kọjá, ojú wa ń wò ó, a ń fà sẹ́yìn kí aṣọ rẹ̀ má bàa kàn wá. Ó tún padà sí kànga. Àwọn obìnrin ti sá kúrò níbẹ̀, wọ́n ti kó okùn tí a fi ń fa omi lọ. Ó tú ìgbànú rẹ̀, ó so ó mọ́ ìró Felesita, ó fi fa omi díẹ̀díẹ̀ títí korobá fi kún. Ó gbé e rù, ó tún gba àárín wa wọlé lọ, ó ń kà á. Èmi náà wà níbẹ̀. Mi ò sọ òkúta. Mi ò sì bá a fa omi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilẹ̀ fa téèpù rẹ̀ yí igbó ká láti ìta, ó fi wé ìwé, ó tún un fà. Ibojì mẹ́tàlélọ́gọ́ta, orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Sọ̀fíyọ̀ náà wò ó títí, kò rí ibi tó máa gbé ẹnu lé. Ọ̀gá yọ òǹtẹ̀, ó dúró.

"Ibojì Felesita rèé. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí kò lórúkọ?"

Jìnnà-jìnnà ni Lameki jókòó sí wa, ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

"Kò tíì sí ẹnì kankan níbẹ̀, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Sọ̀fíyọ̀ rọra sún mọ́ tábìlì. Zelifa rí i bó ṣe sún mọ́ ọn.

"Rárá," ni Zelifa wí. "Funfun kankan ò gbọdọ̀ sí nínú ìwé yìí mọ́. Funfun ló fẹ́ pa wá." Ó yíjú sí Lameki. "Ọkọ àbúrò mi, dìde wá. Ọwọ́ ẹ ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Kọ Zelifa síbẹ̀."

Ó wá. Ó mú pẹ́ńsù. Ó kọ orúkọ náà sí ibi ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn ní lẹ́tà dáadáa tó ṣeé kà. Ọ̀gá ilẹ̀ lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Lameki ò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń tì í. Korobá búlúù wà lórí rẹ̀, ó kún, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Gbogbo wa dúró, a ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á lọ sí títì, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.